Kí Ibùdó Oúnjẹ Ẹ̀pẹ́ Tó Ṣí, Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ibi Tí Tòmátì Ti Ń Bàjẹ́

Lọ́dún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde 500 bílíọ̀nù náírà láti fi dá àwọn àgbẹ̀ lójú pé irè oko wọn yóò rí olùrà. Ibùdó oúnjẹ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Ketu-Ereyun, ní Ẹ̀pẹ́, lọ́dún 2022, náà ni wọ́n tún ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí: 220 hẹ́kítà ilẹ̀, tí wọ́n ní yóò lè bọ́ àwọn ará Èkó tó lé ní mílíọ̀nù 10 fún 90 ọjọ́ bí ọ̀wọ́ngógó bá dé. A kò bá wọn jiyàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo la ní: nínú gbogbo owó yìí, èwo ni ti ẹ̀rọ tí yóò máa sọ ibi tí ẹrù dé, bí ooru inú ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó, àti wákàtí tí ọkọ̀ fi dúró lójú ọ̀nà?

Tòmátì tó bá ti rọ̀ ní Mokwa, ní ìpínlẹ̀ Niger, kò sí ilé tí a lè kọ́ sí Ẹ̀pẹ́ tí yóò mú un le padà. Ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 tòmátì tí a ń kórè ní Nàìjíríà ló ń ṣòfò. Tòmátì ń fẹ́ ìtutù tó tó ìwọ̀n 13 lórí Celsius. Nínú lọ́rì tó ń bọ̀ láti Kánò, tí wọ́n to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀, ooru ọ̀sán ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, fún nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Bó bá dé Mile 12, ó ti di ẹ̀ṣà, owó ẹ̀ṣà náà ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ẹrù.

Ta ló bà á jẹ́? Àgbẹ̀ á ní awakọ̀ ni. Awakọ̀ á ní ọ̀nà ni. Ọlọ́jà á ní bó ṣe dé ọwọ́ òun nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ooru àti ibi tí ọkọ̀ wà, tó ní síìmù nínú bíi ti fóònù, lè parí ẹjọ́ yìí. Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á tọ́jú àkọsílẹ̀ náà títí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gbé kiri, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ó ṣòro.

Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó: ọ̀rọ̀ yìí kọjá ooru. Àkọsílẹ̀ yẹn ni yóò fi hàn pé lọ́rì dúró fún wákàtí mẹ́rin níbi tí kò sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí táyà kò sì bẹ́. Yóò dárúkọ ibẹ̀, yóò dárúkọ aago. Àwọn tó ń fi igi dábùú ọ̀nà gba owó tí kò bófin mu kò ní rí ibi sá sí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá sí gúúsù dá ẹrù dúró, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà sì wà lára ẹ̀dùn ọkàn wọn. Oúnjẹ jẹrà, ọjà gbówó lórí l'Ékòó. Láti ìgbà náà, ìpàdé lórí ìpàdé. Ọdún mélòó la tún fẹ́ fi ṣèpàdé?

Ẹ rántí iṣu tọ́ọ̀nù 72 tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun níṣojú Audu Ogbeh, mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2017. Ìròyìn dé pé ó ti jẹrà kó tó dé Amẹ́ríkà, ariwo sọ. Àwa kò rí àkọsílẹ̀ kankan tó tọ́ka sí ọjọ́ àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Kí Gómìnà Sanwo-Olu fi í sínú ìlànà 500 bílíọ̀nù náírà náà pé ẹrù tí kò bá ní ẹ̀rọ yìí nínú ọkọ̀ rẹ̀ kò ní jẹ àǹfààní owó náà. Ìjọba ni kó ra ẹ̀rọ, kì í ṣe awakọ̀. Kí wọ́n má sọ ọ́ di tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí àwọn kan yóò máa já fún ọlọ́kọ̀. Kí àgbẹ̀ tó wà ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kánò, lè rí àkọsílẹ̀ ẹrù rẹ̀ lórí fóònù, ní èdè Haúsá, lọ́jọ́ kan náà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba rí i ní Aláùsá. Kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí lọ́rì àkọ́kọ́ tó gbé ẹ̀rọ náà yóò kúrò ní Kánò.