WL 9 tí kò sún, WL 74 tó rí ibùsùn

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Íńdíà, ẹ bá mi dá sí i. Mo mú màmá ọkọ mi wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní Delhi, a wá fẹ́ wọ rélùwéè lọ kí ọmọ wa ní Bhopal. Ẹni tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní WL 9 ni, ìyẹn ipò kẹsàn-án lórí ìlà àwọn tó ń dúró de àyè, pé mẹ́sàn-án péré, kí n fọkàn balẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ti kú. Ọmọkùnrin tó wà ní yàrá kejì sí wa ní WL 74 nínú ọkọ̀ kan náà, òun rí ibùsùn! Ojúsàájú kọ́ nìyẹn?

Bàbá Ọlọ́jà: Olè ni gbogbo wọn. Ta ní ń ta ìjókòó tí kò sí? Nínú rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tí mo ń wọ̀, bí àyè bá ti tán, ó tán nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Púnè: Ẹ má bínú, Bàbá. Wọn ò ta ìjókòó, ipò lórí ìlà ni wọ́n tà. Ó lè ku 60 ọjọ́ kí ọkọ̀ gbéra kéèyàn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì (120 ni tẹ́lẹ̀, November 2024 ni wọ́n dín in kù). Láàárín ìgbà yẹn, ìyàwó ẹlòmíì á bímọ, ọ̀gá ẹlòmíì ò ní fún un láyè. Bí wọ́n bá ṣe ń dá tíkẹ́ẹ̀tì padà ni ìlà ń sún: WL á di RAC, RAC á di CNF, ìyẹn odindi ibùsùn tó dájú.

Bàbá Ọlọ́jà: RAC wo tún nìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Púnè: Ibùsùn kan, èèyàn méjì. Èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni, tí wọ́n máa ń ká di àga méjì tó kọjú síra. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ láti Delhi rí, orúnkún èmi àti ti bàbá kan ń gbára wọn, kò sẹ́ni tó lè na ẹsẹ̀. Ó kù díẹ̀ ká dé Agra kí ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò tó rí i pé ẹnì kan ò wá, ló bá ní kí n lọ sùn síbẹ̀. Owó odindi ibùsùn ni mo sì san o.

Bàbá Ọlọ́jà: Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́!

Ọmọ Delhi: Mummy Ìbejì, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Lẹ́tà wo ló ṣáájú WL?

Ìyá Ìbejì: TQ. TQWL 9.

Ọmọ Delhi: Háà, abájọ. Ìlà náà kì í ṣe ẹyọ kan, mà. GN ni ti àwọn tó ń wọkọ̀ níbi tó ti ń gbéra tàbí nítòsí ibẹ̀. Ibùsùn wọn ló pọ̀ jù, òun ló sì ń sún jù; bóyá ibẹ̀ ni 74 ọmọkùnrin yẹn wà. RL ni ti àwọn ìbùdó ńlá àárín ọ̀nà, ìpín tiwọn kéré. TQ ni ti Tatkal, tíkẹ́ẹ̀tì àwọn oníkánjú, tí wọ́n ń ṣí nígbà tó bá ku ọ̀la: aago 10 àárọ̀ fún kóòṣì AC, 11 fún ìyókù. Ẹni tó bá ti rí ibùsùn Tatkal gbà, tó bá dá a padà, kọ́bọ̀ kò ní padà sọ́wọ́ ẹ̀. Ta ló máa wá dá a padà? Ìdí tí 9 yín fi jókòó gẹlẹtẹ nìyẹn. Kò tiẹ̀ sí RAC nínú ìlà TQ.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹni tó rà á mọ gbogbo èyí?

Ọmọ Delhi: Iṣẹ́ rẹ̀ ni, mà.

Bàbá Ọlọ́jà: Ẹ ṣì ń gbè sẹ́yìn wọn. Ẹni tí kò rí ọkọ̀ wọ̀, kí ni wọ́n ń yọ nínú owó rẹ̀ fún?

Akẹ́kọ̀ọ́ Púnè: Ibẹ̀ yẹn lẹ ti gba àre. 60 rúpì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó orí lórí ẹ̀ tó bá jẹ́ AC. Èmi náà ò rídìí ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dúró ná. Wọ́n yọ 60, wọ́n dá ìyókù padà? Èmi ò rí nǹkan kan o.

Ọmọ Delhi: Tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ṣì wà ní WL nígbà tí wọ́n bá to orúkọ èrò jáde, fúnra rẹ̀ ló ń kú. Owó á padà sí àkáǹtì tí wọ́n fi sanwó. Àkáǹtì ta ni?

Ìyá Ìbejì: Tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ti pè é. Ó ní kí n ṣe sùúrù di Mọ́ńdè.

Bàbá Ọlọ́jà: WL mélòó ló wá fún yín báyìí?