Owó ìrànwọ́ ẹran ọ̀sìn ní Texas: ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láàárín àwọn ará wa ní Texas. Ó ní nítorí iná tó jó agbègbè Hemphill, ìjọba Amẹ́ríkà ń pín owó fún gbogbo ẹni tó bá ní ẹran ọ̀sìn, ẹran ì báà kú tàbí kó wà láàyè, àti pé kéèyàn kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Irọ́ ni.

Iná náà, tí wọ́n pè ní Smokehouse Creek, ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2024. Ilẹ̀ tó jó lé ní mílíọ̀nù kan éékà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù ló sì bá a lọ. Ètò ìrànwọ́ náà wà pẹ̀lú: Livestock Indemnity Program. Ṣùgbọ́n ẹran tí àjálù pa, tó ju iye tó sábà máa ń kú lọ́dún lọ, ló ń sanwó fún, àti èyí tó fara pa tí ẹni tó ni ín fi tà á lówó pọ́ọ́kú. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń lọ lọ́jà ni, kì í ṣe odidi. Wọn yóò sì béèrè ẹ̀rí: fọ́tò, ìwé dókítà ẹran, ìwé tí wọ́n fi rà á.

Ọ́fíìsì Farm Service Agency, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀, ló ń gba fọ́ọ̀mù náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá nọ́ńbà wọn fúnra yín lórí farmers.gov, ẹ má pe ti inú àtẹ̀jíṣẹ́ náà.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kò ní ibi lọ́kàn, oore ló rò pé òun ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá ti fún àwọn oníjìbìtì ní nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀, kó pe báńkì rẹ̀ lónìí.