Ta Ni Python Tìẹ?

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní London ni wọ́n bi mí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, a ti ṣíwọ́, gbogbo wa ti rọ́ lọ sí ilé ọtí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ọ̀gá mi ra bíà fún mi, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó wá wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ.

"Ó dáa," ó ní, "ta ni Python tìẹ?"

Ohun tí èmi mọ̀ sí Python ni erè, ejò tí í gbé ewúrẹ́ mì. Mo sọ fún un pé a kì í sin ejò nílé wa, pé bí mo bá rí ọ̀kan, ẹsẹ̀ mi ni mo máa bẹ̀. Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan da bíà sára ẹ̀wù. Wọ́n rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn sì ni ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo tíì gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń yan Python.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bọ́ sọ́wọ́ wọn: Monty Python ni ẹgbẹ́ aláwàdà ọkùnrin mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ètò lórí BBC ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1969. Graham Chapman, John Cleese àti Eric Idle jáde ní Cambridge; Terry Jones àti Michael Palin jáde ní Oxford; ẹnì kẹfà, Terry Gilliam, ọmọ Amẹ́ríkà ni, òun ló ń ṣe àwọn àwòrán tó ń rìn. Apá 45 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó káwọ́ nílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1974. Ọkùnrin kan gbé odídẹrẹ́ tó ti kú padà lọ sí ìsọ̀ tó ti rà á, ọlọ́jà ní rárá o, ó ń sinmi ni. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fún ará ìlú lówó kí wọ́n lè máa rin ìrìnkurìn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù Ọba Arthur tí owó ẹṣin kò sí, wọ́n kó èèpo àgbọn méjì lé ìránṣẹ́ ọba lọ́wọ́ kó máa gbá wọn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò-kò-kò, ọba sì ń tọ bí ẹni tó wà lórí ẹṣin. Ẹ̀fẹ̀ gidi ni. Mi ò bá ẹ̀fẹ̀ jà.

Àwọn tó ń yan ọ̀kan nínú mẹ́fà náà bí ẹni tiwọn ni mo ń bá jà.

Nílé, bí a bá pàdé ẹni tuntun, a ó ní, "Ọmọ ta ni ẹ́? Ará ibo ni ẹ́?" Ọ̀rọ̀ bùṣe. Òyìnbó ò lè béèrè bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀wàáhù ni lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò lè bi ọ́ léèrè iye tí bàbá rẹ ń gbà lóṣù, tàbí irú ilé ìwé tó rán ọ lọ, tàbí bóyá ìwé wà nílé yín àbí kò sí. Bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ mọ̀ o. Ó ń yún wọn lọ́fun. Wọ́n wá dá ọgbọ́n sí i: wọ́n á bi ọ́ léèrè Python. Orúkọ kan ṣoṣo tí o bá dá, wọ́n ti ka oríkì rẹ dé ìdí.

Bí o bá ní Cleese, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á yíjú sí ẹlòmíràn. Gbogbo ayé ló mọ Cleese, ọkùnrin gígùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí àkàbà, tó ń rin ìrìnkurìn ìjọba yẹn. Kéèyàn yan Cleese dà bí kéèyàn wọ búkà kó ní oúnjẹ ni òun fẹ́ jẹ. Ó sì ń dùn mí, nítorí ìtàn tirẹ̀ gan-an ló dùn jù. Cheese, ìyẹn wàràkàṣì, ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀. Bàbá náà yí i padà sí Cleese nígbà tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ní 1915, nítorí yẹ̀yẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló wá dàgbà tán, tó lọ dúró lójú gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìsọ̀ wàràkàṣì tí kò ní wàràkàṣì, tó ń dárúkọ wàràkàṣì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Orúkọ tí bàbá sá fún lọmọ fi jẹun.

Palin ni ti àwọn tó fẹ́ kí ìyá ìyàwó fẹ́ràn wọn. Ọmọlúwàbí ni, ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan bú lára rẹ̀, ọba bìnrin sì ti sọ ọ́ di Sir ní 2019. Láti 1988 tó ti fi ọgọ́rin ọjọ́ yí ayé po fún tẹlifíṣọ̀n ni kò ti jókòó mọ́. Ní 2024, ètò tó ṣe nípa Nàìjíríà jáde. Ọ̀sẹ̀ yẹn, èèyàn mẹ́ta ló wá bá mi nídìí ìkòkò tíì láti ṣàlàyé Èkó fún mi. Èmi tí wọ́n bí sí Muṣin! Mo ń dá wọn lóhùn, "Ẹn-ẹn? Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Ọ̀kan sọ fún mi pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó kì í ṣe kékeré. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Idle ni ti ẹni tó ní gìtá nílé tí kò lè ta á. Òun ló kọ orin tí wọ́n ń súfèé sí yẹn, Always Look on the Bright Side of Life, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń lò níbi ìsìnkú, tí òun fúnra rẹ̀ sì kọ níbi àṣekágbá Òlíńpíìkì London ní 2012. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń yan Gilliam, jígí ojú wọn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n á sọ fún ọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ńlá tó máa ń bọ́ láti ojú ọ̀run tó ń tẹ gbogbo nǹkan pa nínú ètò náà, ẹsẹ̀ Cupid, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni, tí Gilliam gé nínú àwòrán tí Bronzino yà, tó wà ní National Gallery ní London. Mo mọ èyí nítorí pé kò sí ẹni tó yan Gilliam rí tí kò sọ ọ́ fún mi.

Ẹni tó bá yan Terry Jones á dárúkọ rẹ̀ tán, á dákẹ́, á máa wo ojú rẹ kí o lè bi í pé kí ló dé. Má bi í. Mo bi ẹnì kan rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí Jones kọ ní 1980 nípa jagunjagun inú ìtàn Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn fi mí sílẹ̀ ní ìlú wọn. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó máa ń wọ kóòtù ìyá àgbà tó ń fi ohùn fèrè ké, wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí kí àwọn tó yàn án má bàa jọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin tó wọ yẹ̀rì.

Chapman wá ni oyè tó ga jù lọ. Ó kọ́ṣẹ́ dókítà yege, ó fi í sílẹ̀ fún àwàdà, òun ló ṣe Ọba Arthur. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1989 ló kú, ó ku ọjọ́ kan péré kí ẹgbẹ́ wọn pé ogún ọdún. Ẹni tó bá yan Chapman máa ń rẹ ohùn sílẹ̀. Á gbé ife bíà kalẹ̀, á wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹni náà nígbà tí Chapman kú? Wọn ò tíì bí i! Ó ń sunkún ju olókùú lọ. Bẹ́ẹ̀ olókùú gan-an kò sunkún bẹ́ẹ̀: níbi ìsìn ìrántí Chapman, Cleese dìde, ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ tó kú yẹn náà ló fi dágbére fún un, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ju èébú kan tí wọn kì í sọ níbi ìsìn sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ òkú ń rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló fajú ro.

Ẹ má sì rò pé mẹ́fà náà parí ọ̀rọ̀. Bí gbogbo tábìlì bá ti yan Chapman tán, ẹnì kan á rọra wúkọ́, á ní Carol Cleveland ni tòun, obìnrin tó máa ń bá wọn ṣeré tí wọn kì í kà mọ́ wọn. Ẹlòmíràn á ní Neil Innes, olórin wọn. Ojú á wá máa dán bí ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ owó lé ara wọn lórí níwájú onílù.

Ọkùnrin kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó lọ́dọ̀ wa tó mọ ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ náà látòkè délẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹ́ páálí ànàmọ́ díndín kan tó ti ṣófo sórí tábìlì, ìyẹn ni òkú ẹyẹ, ó bẹ̀rẹ̀. Bíà ti fi ìfófòó sí irunmú rẹ̀, kò nù ún. Ó ń gbá páálí mọ́ tábìlì, ó ń pariwo sí etí páálí kó jí. Ó ti fẹ́ẹ̀ parí kí ọ̀gá wa tó gbé ìka sókè: ó fo ọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó na páálí náà tọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń mi orí bí àwọn alàgbà tí ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù ń ka Sáàmù níwájú wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 2014, márùn-ún tó kù lára wọn ṣeré alẹ́ mẹ́wàá ní O2, gbọ̀ngàn ńlá kan ní London. Tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ àkọ́kọ́ tán kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ọ̀gá mi lọ. Nígbà tó padà, mo bi í bóyá ó dùn. Ó ní wọ́n yí ọ̀rọ̀ méjì padà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó fẹ́ràn wọn bó ṣe yẹ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ EMI fa owó rẹ̀ yọ nínú Life of Brian, fíìmù tí wọ́n fẹ́ ṣe, George Harrison ti ẹgbẹ́ Beatles ló fi ilé rẹ̀ yáwó fún wọn, nítorí ó fẹ́ wo fíìmù náà. Kò yan ẹnì kankan. Ó fẹ́ wò ó ni. Ìgbà tí àwa náà ń wo Jákọ́bù, Pápálòló àti Adẹ́rùpọkọ̀ ní kékeré, ta ló bi wá pé ta ni tiwa? À ń rẹ́rìn-ín, à ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má tíì mú iná lọ.

Ṣùgbọ́n èmi náà ò mọ́ o. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe Palin, nítorí ẹni tó ṣe Palin kì í rí ìjà. Mo ṣe Jones fún oṣù kan, wọn ò bi mí pé kí ló dé. Mo gbìyànjú Chapman, mo sì rí i pé ojú wọn yí padà sí mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo bá pe àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, mo fẹ́ fakọ fún un díẹ̀. Mo ní, "Ta ni Python tìẹ?"

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mẹ́ta-dọ́ọ̀tì-méjìlá ni mo ń lò."

Kò jẹ̀bi. Látara ẹgbẹ́ yìí ni Guido van Rossum ti mú orúkọ Python, èdè kọ̀ǹpútà tó dá sílẹ̀, tí ọmọ náà fi ń jẹun. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni Python ń san owó oṣù fún.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ti ìwé àti bírò níwájú ẹ̀rọ, kí n wá yan èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì yàn. Ìyàwó mi kọjá, ó dúró. Lójú ẹ̀rọ, ọkùnrin méjì dúró létí odò Thames ní Teddington, wọ́n wọ akoto bí ajẹ́lẹ̀ ayé ọjọ́un. Orin ń lọ. Palin fi ẹja wínníwínní méjì kan Cleese létí, ó padà sẹ́yìn, ó tún jó wá, ó tún kàn án. Orin dúró. Cleese fa ẹja ńlá kan yọ, ó gbá Palin kan ṣoṣo, Palin ṣubú sódò gbì.

Ìyàwó mi di ẹnu ilẹ̀kùn mú. Ẹ̀rín pa á títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ní, "Ajẹ́lẹ̀! Ajẹ́lẹ̀ ti bómi lọ!" Ó ní kí n tún un gbé. Mo tún un gbé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìgbà tó rí bírò lọ́wọ́ mi ló tó dákẹ́.

"Bàbá Tọ́lá, kí lẹ wá ń kọ sílẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá Tọ́lá, bí wọ́n bá ní kí o mú ọ̀kan nínú wọn, ta ni wà á mú?"

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹja yẹn," ó ní, ó wọ kíṣìnì lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè yí ká tábìlì, ó kàn mí. Mo ní ẹja ni. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀gá mi rọra gbé ife kalẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀ka ìṣirò owó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó mi orí, ó wá béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé:

"Ti kékeré ni, àbí ti ńlá?"

Ní Mọ́ńdè, ẹnì kan láti àjà kẹta, tí a kò tíì kí ara wa rí, dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun gbọ́ pé ẹja ni tèmi. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ní tèmi," ó ní, "omi ni."