Ẹ wo aago kọ̀ǹpútà kí ẹ tó dá aṣàwákiri lẹ́bi

Èrò mi ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí a ń fi kan aṣàwákiri (browser bíi Firefox, tí a fi ń ṣí ojúlé) lẹ́yìn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Linux, ètò ìṣiṣẹ́ tó lè rọ́pò Windows, sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀bi aṣàwákiri rárá, ó sì yẹ kí àwa tí a ń bá àwọn èèyàn tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òṣogbo jáwọ́ nínú pípa gbogbo nǹkan rẹ́ láti tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, mo máa ń gba àwọn tí kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ wọn kò lè gbé Windows 11 níyànjú pé kí wọ́n lo Linux. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bátìrì kékeré inú rẹ̀ tó rí roboto bíi kọ́bọ̀, èyí tó ń mú kí aago máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ, sì lè ti kú. Bí iná bá ti lọ pátápátá, déètì á padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan aṣàwákiri. Gbogbo ojúlé tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Èyí tí Let's Encrypt, àjọ kan tó ń fún ni ní ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ń fún àwọn èèyàn kì í ju 90 ọjọ́ lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá gbà pé ọdún 2015 la wà, ìwé ẹ̀rí tí a ṣe lọ́dún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú rẹ̀, aṣàwákiri á sì kọ̀ láti ṣí ojúlé náà. Ó jàre. Lóòótọ́, Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn oríṣi Linux, máa ń gba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dí ọ̀nà yẹn, aago kò ní tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ tẹ timedatectl sínú tẹ́mínà, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ wo déètì, kí ẹ sì rí i pé Africa/Lagos, ìyẹn àkókò Nàìjíríà, ló wà níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìmọ̀ràn pé kí èèyàn tẹ ìlà tó ní kí a gba ewu náà kí a sì máa lọ. Ẹni tí a bá kọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí yóò ṣe é lórí ojúlé báńkì rẹ̀ lọ́la, kò sì ní mọ ìgbà tí ìkìlọ̀ náà jẹ́ ti olè gidi. Èmi kò lè fara mọ́ ọn láéláé.

Bí aago bá pé, ẹ ṣí Firefox láti inú tẹ́mínà, kí ẹ ka ohun tó bá kọ síbẹ̀. Àṣẹ firefox -P á jẹ́ kí ẹ dá profile tuntun sílẹ̀, ìyẹn fódà tí Firefox ń kó ètò àti àkọsílẹ̀ yín sí. Bí ìyẹn bá ṣiṣẹ́, inú profile àtijọ́ ni àléébù wà. Láti Ubuntu 21.10 ni Firefox ti ń wá gẹ́gẹ́ bíi snap, ọ̀nà kan tí Ubuntu ń gbà di ètò pọ̀ sínú àpò tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá da profile àtijọ́ rẹ̀ sínú .mozilla nínú home, ìyẹn fódà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò ní rí i, nítorí abẹ́ snap/firefox/common ni ti tuntun wà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ní Ọláìyá àti káàkiri ìlú ni pé kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì kékeré yẹn, tó sábà máa ń jẹ́ CR2032, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ fún oníbàárà.