Adìyẹ ò bèèrè kọ́tìnì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń so kọ́tìnì mọ́ fèrèsé ilé adìyẹ kí wọ́n sinmi. Láti ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ti ń pín fọ́tò ilé adìyẹ ẹ̀yìnkùlé kan kiri: ọ̀dà funfun, táìlì nílẹ̀, fèrèsé onígíláàsì, òdòdó oníke lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tiẹ̀ kọ orúkọ adìyẹ kọ̀ọ̀kan sára ògiri. Gbogbo èèyàn wá ń pariwo pé èyí gan-an ni ìmọ́tótó. Mo wo fọ́tò yẹn títí, mi ò rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Mi ò rí igi tí wọ́n á bà lé lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò síbi tí adìyẹ lè họ ilẹ̀ sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀bùn ni mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ohun tó jẹ́ kó máa bí mi nínú ni pé mo ti fojú ara mi rí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa, obìnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, kọ́ ọ̀kan. Àràárọ̀ ni wọ́n ń da omi sílẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń fi bùrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Tó bá di alẹ́, wọ́n á ti fèrèsé pa kí òtútù má bàa mú àwọn adìyẹ. Ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní, "Àbúrò, wá bá mi wò wọ́n, ojú ń dùn wọ́n." Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, omi lé sí èmi náà lójú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òórùn yìí ńkọ́?" Wọ́n ní, "Òórùn wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni." Imú wọn ti mọ́ ọn lára, wọn ò gbọ́ ọ mọ́.

Àgbébọ̀ kan wà ní kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kan ti dí, ìfófòó funfun wà létí ojú náà. Ó kàn ń yí orí sẹ́yìn ni, ó ń fi ojú nu èjìká, á nù ún, á tún nù ún. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ títí orí wọn á fi wálẹ̀ dé ibi tí orí adìyẹ wà. Kò pẹ́ tí ikọ́ fi gbé wọn dìde.

Amóníà ni, afẹ́fẹ́ kan tó máa ń ta ojú àti imú. Inú ìgbẹ́ tútù ló ti ń jáde, bí ilẹ̀ bá sì ṣe tutù tó ló ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ ní kò yẹ kó ju ìdá 25 lọ nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Àwa tó dúró, imú wa jìnnà sílẹ̀. Adìyẹ ńkọ́? Ibẹ̀ ló ń gbé tọ̀sán-tòru. Omi tí ẹ̀gbọ́n fi ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ ni kò jẹ́ kó gbẹ, fèrèsé tí wọ́n sì ń tì ni kò jẹ́ kó jáde. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti na ọwọ́ sí bílíìṣì, oògùn olómi tí a fi ń mú aṣọ funfun, pé kí àwọn dà á sí i, kí òórùn náà lè lọ. Mo kígbe! Ẹ gbọ́ o, ẹ má da bílíìṣì lé ìgbẹ́ adìyẹ láé. Tó bá pàdé amóníà, èéfín tó máa tibẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ti ẹran àti ti èèyàn.

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ká sọ tòótọ́, kì í làágùn rárá. Bí ooru bá mú un, ẹnu ló máa là sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á na apá méjèèjì kúrò lára. Ẹ wá ti irú ẹran bẹ́ẹ̀ mọ́ inú gíláàsì.

Gbígbẹ ni kí ẹ máa wá, ẹ fi dídán sílẹ̀. Ẹyin kòkòrò tó ń fa coccidiosis, àrùn tó ń mú òròmọdìyẹ yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ọ̀rinrin àti ooru ló ń fẹ́ kó tó lè ranni, ọjọ́ kan sí méjì sì tó o. Èérún pákó àti ewé gbígbẹ ni mo tẹ́ sílẹ̀ témi. Mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan, màá fún un: bó bá dì tí kò tú, omi ti pọ̀ jù, màá da gbígbẹ lé e, màá sì rò ó pọ̀. Ẹni tó bá wo ilẹ̀ náà látòkè á ní kò mọ́. Kó bẹ̀rẹ̀ kó gbóòórùn rẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti gbo nǹkan gan-an, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀. Kòkòrò pupa wínníwínní kan wà tó ń sá pamọ́ sí ojú ìsopọ̀ igi lọ́sàn-án, tó bá di òru á jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ adìyẹ lórí ibi tó bà sí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì lóru, kí ẹ fi aṣọ funfun nu abẹ́ igi yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yí aṣọ, iṣẹ́ ti dé. Adìyẹ fúnra rẹ̀ mọ bó ṣe ń fọ ara ẹ̀: inú eruku ló ti ń wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti kó gbogbo iyanrìn kúrò, wọ́n ní ìdọ̀tí ni.

Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin lórí adìyẹ tó ń yé ẹyin lọ́dún 1999, èyí tó mú kéèjì onírin lásán kúrò nílẹ̀ láti 2012, ìtẹ́ ni wọ́n bèèrè, àti ohun tí adìyẹ lè máa họ, pẹ̀lú igi ìbàlé tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 fún ẹyọ kan. Wọn ò dárúkọ ọ̀dà. Ti ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn o. Ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ fún wọn ní 20 sí 25. Kí igi náà nípọn díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má ṣe mú, àbí ẹ ò mọ̀ pé adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ?

Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi nínú ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn yìí ni ti adíkálà mi kan. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ló wà nílé mi, síbẹ̀ kì í wọlé. Orí igi ló ń sùn, òjò ì báà rọ̀. Òun náà wá ni ìyẹ́ rẹ̀ dán jù nínú wọn. Alaalẹ́ ni mò ń gun igi lọ mú un sọ̀kalẹ̀ nítorí ẹranko òru, alaalẹ́ ló sì ń bá mi jà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ bóyá nítorí tiẹ̀ ni mo ṣe ń mú un wọlé, àbí kí èmi lè rí oorun sùn. Ẹ̀yin tí tiyín náà ń sun orí igi, ṣé ẹ máa ń fi wọ́n sílẹ̀ ni?