Iná àti Íntánẹ́ẹ̀tì Kò Gbọdọ̀ Parí sí Adó-Èkìtì

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì lára Oǹdó lọ́dún 1996, kò sí ìjọba tó wọlé tí kò sọ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni yóò gbé ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ náà ró. A fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ ọ̀hún dára, kòkó, iṣu àti ìrẹsì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó jókòó sí Ìkọ̀lé, tó ń bá ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìṣirò owó lórí kọ̀ǹpútà, wúlò fún oko ju bí àwọn tó ń ṣe ètò ìṣúná ṣe rò lọ. Ó ti tó àkókò kí ìjọba máa náwó lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú tó jìnnà sí olú-ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe ń rìn. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ohun tó sọ ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò di ọ̀wọ́n gógó fún àgbẹ̀, òun kan náà ló sọ owó-oṣù táṣẹ́rẹ́ láti òkè òkun di owó gidi. Bí ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ bá ń gbé Ìjerò, ọjà Ìjerò ni yóò ti ra iṣu àti elùbọ́, bíríkìlà Ìjerò ni yóò pè, òun náà ni bàbá rẹ̀ yóò sì yíjú sí nígbà tí ó bá ń wá owó alágbàṣe.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti ìgbà ìkórè. Ìgbà tí ọjà bá kún, tí owó irè oko sì já wálẹ̀, ni owó iléèwé ọmọ máa ń dé. Àgbẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá fi iṣu sínú abà fún oṣù díẹ̀ sí i, yóò lérè, ṣùgbọ́n kò lè dúró. Alárọ́bọ̀ tó bá a lóko mọ̀ pé kò lè dúró, iye tó bá wù ú ni yóò sì dá lé e. Ti kòkó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kan ju 10,000 dọ́là lọ ní ọjà àgbáyé, ṣùgbọ́n kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Nínú ilé tí ẹnì kan bá ti ń gba owó tí kò dúró de òjò, tí kò sì dúró de òǹrajà, àgbẹ̀ ibẹ̀ lè sọ fún alárọ́bọ̀ pé kó máa lọ ná. Kò sí ètò ìyáwó ìjọba kankan tí a mọ̀ tó lè fún àgbẹ̀ kékeré ní irú agbára yẹn.

Owó orí ńkọ́? Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń gba owó orí rẹ̀, ibi yòówù kí ọ̀gá rẹ̀ wà. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 kan owó tí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ń gbà láti òkè òkun pẹ̀lú, àfi ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju 800,000 náírà lọ́dún. Ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì Adó tàbí ti Oyè, tó wá kó lọ sí Èkó nítorí iná, Èkó ló ń sanwó orí fún. Èkìtì tọ́ ọ, ẹlòmíràn ń jẹ ẹ́.

Nítorí iná, a tún un sọ. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa bójú tó iná tirẹ̀, Èkìtì sì wà lára àwọn tí àjọ tó ń bójú tó iná ní Àbújá kọ́kọ́ gbé àkóso lé lọ́wọ́ lọ́dún 2024. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé ọ̀rọ̀ Àbújá ni. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, gómìnà ìgbà náà, Káyọ̀dé Fáyẹmí, ti dín owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san láti ri okùn fáíbà mọ́lẹ̀ kù lọ́dún 2020, láti 4,500 náírà sí 145. Ìgbésẹ̀ gidi ni. Síbẹ̀, ibi tí ilé-iṣẹ́ bá ti rí oníbàárà púpọ̀ ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ dé, Adó ni ìyẹn sì túmọ̀ sí. Ọgbà ìmọ̀ (Knowledge Zone), ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò ti máa ṣiṣẹ́, tí ìjọba ń kọ́ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, Adó náà ló wà. A kò ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Ohun tí a ń bẹ Gómìnà Bíọ́dún Oyèbánjí fún ni gbọ̀ngàn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, tó ní sólà, bátìrì tó lágbára àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í sùn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ààlà wá sí àárín. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ náà kò ní àwáwí mọ́: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó wọn máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Àwọn kan ń sọ pé kọ̀ǹpútà yóò lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò lóko. Wọ́n ti kúrò lóko tipẹ́. Inú ọkọ̀ Èkó ni wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kò ṣeé fò. Ọ̀dọ́ tó bá gbé lápútọ́ọ̀pù sẹ́yìn lójú ọ̀nà, ọ̀daràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà á sí, wọn a tú fóònù rẹ̀, wọn a gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n mú oníjìbìtì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀. Ààbò ojú ọ̀nà pẹ̀lú: ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní Ẹmùré. Olóko àti oníkọ̀ǹpútà ni irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ń lé kúrò nílùú.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ ni yóò rí iṣẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìdí sì nìyẹn tí a fi ní kí gbọ̀ngàn náà ṣáájú ayẹyẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń pín fáìlì àti omi inú ọ̀rá. Nínú ètò ìṣúná tó ń bọ̀, a fẹ́ rí orúkọ Ọ̀tùn, Òmùò àti Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àti oṣù tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.