VPN ò lè ṣí gbogbo fíìmù fún yín o

Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i táwọn èèyàn ń sọ fún ara wọn pé tí fíìmù kan ò bá ṣí níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ ṣáà dáúnlóòdù VPN, ìyẹn áàpù tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà pa mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú Amẹ́ríkà, ó ti parí nìyẹn. Kò parí o. Owó àti dátà ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ohun tí VPN ń ṣe ò ju kó mú íntánẹ́ẹ̀tì yín gba sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, kan tó wà níbòmíì kọjá lọ, kó lè jẹ́ IP sáfà yẹn, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ibi téèyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, làwọn tó ń fi fíìmù hàn bíi Netflix máa rí dípò tiyín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ sáfà yẹn wà nínú ilé ńlá tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà sí, kò sì sẹ́ni tó ń gbénú irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ń jókòó wo síríìsì lálẹ́. Àwọn IP tó jẹ́ tirú ilé yẹn wà lákọọ́lẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kó wọn jọ wà, wọ́n sì ń tà á fáwọn tó ń fi fíìmù hàn. Ẹ tún wá wò ó, akáǹtì rẹpẹtẹ ń jáde látorí IP kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni ò ní fura? Netflix ò sì fi bò rárá: oṣù kìíní ọdún 2016 ló wọ orílẹ̀-èdè 130 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, oṣù yẹn ò tíì parí tó fi kéde pé òun máa dínà mọ́ irú ọgbọ́n yìí.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ gan-an rè é. Tí Netflix bá mọ̀ pé VPN lẹ fi wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà kò ní lé yín síta. Á ṣí, ẹ máa rí fíìmù, ẹ máa rí síríìsì, ọkàn yín á balẹ̀ pé ẹ ti dé Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ kìkì àwọn tí Netflix ní ẹ̀tọ́ àtifi hàn káríayé ló kó síwájú yín. Ẹ wá orúkọ fíìmù tẹ́ ẹ torí ẹ̀ tan VPN, ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Àwọn tó ń san owó pọ́ọ́kú fún ètò Netflix tó ní ìpolówó nínú ò tiẹ̀ gbọdọ̀ lo VPN rárá.

Kì í sì í ṣe IP nìkan. Áàpù orí fóònù lè wo GPS, ìyẹn ohun tó ń sọ ibi tí fóònù wà gan-an, VPN lásán ò sì kan GPS. Àwọn iléeṣẹ́ míì tó ń fi fíìmù hàn, àfi kẹ́ ẹ fi káàdì báǹkì orílẹ̀-èdè yẹn sanwó. Ti incognito, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ inú búráúsà, táwọn kan tún ń sọ, kò yí IP padà rárá, ohun tẹ́ ẹ wò ni kì í tọ́jú sórí fóònù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti VPN ọ̀fẹ́. Owó ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà sáfà, ẹ bi ara yín pé ta ló ń san án. Lọ́dún 2015 ló hàn síta pé Hola, VPN ọ̀fẹ́ kan tí ogunlọ́gọ̀ ń fi wo fíìmù, ń gba íntánẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń lò ó kọjá fún ẹlòmíì tó ń sanwó, wọ́n tiẹ̀ fi kọlu wẹ́búsáìtì kan. Ọdún kejì ẹ̀, àwọn olùwádìí yẹ áàpù VPN 283 wò lórí Android, wọ́n rí àmì fáírọ́ọ̀sì lára ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 18 ò sì bo ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lò ó mọ́lẹ̀ rárá. Ṣé torí fíìmù wákàtí méjì ni?

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ fíìmù fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ni Netflix fi lè ní in ní Jámánì kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ míì ló rà á ní Faransé. Torí náà, kẹ́ ẹ tó tan VPN kankan, ẹ lọ sórí wẹ́búsáìtì JustWatch, ẹ mú orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ fíìmù náà síbẹ̀, á sọ ibi tó wà fún yín.